Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò fún Rẹ́kórẹ́kó, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Èsì Rẹ̀

Obìnrin náà kó ìwé mẹ́rin jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ wọn síwájú mi lórí káńtà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé láàbù ni gbogbo wọn, ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàbù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà: "VDRL: Positive." Kò sí nọ́ńbà, kò sí àlàyé. "Dókítà," ló pè mí (òṣìṣẹ́ láàbù ni mí, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun, dókítà ni lójú àwọn èèyàn wa), "ẹ bá mi wò ó. Mo ti gba abẹ́rẹ́ títí, mo ti lo kápúsù, mo ti mu àgbo. Àìsàn yìí kọ̀, kò lọ."

Ó jọ lójú mi pé àìsàn yẹn ti lọ tipẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún un ni kì í lọ. Strip, àyẹ̀wò kíákíá inú ike pẹlẹbẹ, ni wọ́n ń lò, VDRL kọ́ sì ni strip, bó tilẹ̀ jẹ́ pé VDRL ni ọ̀pọ̀ láàbù wa ṣì ń kọ sórí ìwé torí pé orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí, fún ẹni tí wọ́n ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún rẹ́kórẹ́kó, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sífílíìsì. Ó lè jẹ́ nítorí oyún, nítorí ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí iṣẹ́ tuntun, tàbí nítorí egbò kan tó yọ níbi tí kò yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Kòkòrò tó ń fa rẹ́kórẹ́kó, Treponema pallidum, tín-ín-rín ni, ó sì lọ́ bíi síprìngì inú bírò. Bó bá wọ ara, kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Egbò àkọ́kọ́, tí kì í sábà dunni, máa ń yọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó yọ lọ́jọ́ kẹwàá, ó sì lè pẹ́ tó 90 ọjọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀; sójà tí ara kó jọ láti bá a jà ló ń wá. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí egbò bá yọ kí sójà wọ̀nyí tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò fi máa rí wọn.

Nítorí náà, ẹni tó ṣe é ní Sátidé, tó sáré wá sí láàbù lọ́jọ́ Túsìdeè, èsì tó máa gbà kò sọ nǹkan kan nípa Sátidé yẹn. Kó ṣe é o, torí ó máa jẹ́ kó mọ bí ara rẹ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó tún padà wá nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Bí ti oṣù mẹ́ta bá mọ́, ó lè fọkàn balẹ̀.

Bí egbò bá ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ka ọjọ́ kankan mọ́. Ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà kó fojú ara rẹ̀ rí i, torí ẹ̀jẹ̀ lè ṣì mọ́ nígbà tí egbò wà níbẹ̀ rekete. Egbò ọ̀hún á jiná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, yálà ẹ tọ́jú rẹ̀ tàbí ẹ ò tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbo ti máa ń gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Egbò lọ, kòkòrò wà nínú ara.

Ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe

Ìdílé méjì ni àyẹ̀wò yìí pín sí. Gbogbo wàhálà obìnrin oníwèé mẹ́rin yẹn, àìmọ ìyàtọ̀ ìdílé méjèèjì ló fà á.

Ìdílé àkọ́kọ́ ni VDRL àti RPR. Ìtàn wọn yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Ní 1906, ní Jámánì, August von Wassermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún sífílíìsì. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí sífílíìsì pa ni wọ́n fi ṣe é, torí pé kòkòrò máa ń kún inú irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì rò pé kòkòrò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń bá jà nínú ìgò. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí i pé ọkàn màlúù, màlúù tí ara rẹ̀ le koko, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀rá kan ló wà nínú ọkàn màlúù ọ̀hún. Mary Pangborn ló yọ ọ̀rá náà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1941, ó sì sọ ọ́ ní cardiolipin. Òun ni wọ́n fi ṣe VDRL ní 1946. RPR ni àbúrò VDRL: ọ̀rá kan náà, wọ́n kàn fi èédú lẹ́búlẹ́bú sí i kí ojú lásán lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí a má baà máa tẹjú mọ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

Nígbà tí kòkòrò bá ń ba inú ara jẹ́, irú ọ̀rá yìí máa ń tú síta, ara á sì kó sójà jọ sí i. Ìyẹn ni pé VDRL àti RPR ń sọ bí ìjà náà ṣe ń gbóná tó lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà. Bí ìtọ́jú bá ràn, nọ́ńbà á máa wálẹ̀. Àléébù wọn kò ṣòro láti rí: nítorí pé ọ̀rá ni wọ́n ń bá wí, nǹkan mìíràn tó ń da ara láàmú lè tàn wọ́n jẹ. Ibà wà lára rẹ̀, oyún wà lára rẹ̀, ẹ̀tẹ̀, lupus (àìsàn tí ara ẹni fi ń bá ara rẹ̀ jà), àti ọjọ́ ogbó lásán.

Ìdílé kejì ni TPHA, TPPA, FTA-ABS, ELISA tí ẹ̀rọ ń ṣe, àti strip. Àwọn yìí ń wá sójà tí ara dìídì kọ́ fún kòkòrò náà. Sójà yìí kì í fẹ̀yìn tì. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, yóò wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, kódà bí abẹ́rẹ́ bá ti pa kòkòrò tán láti ogún ọdún sẹ́yìn. Strip ń sọ pé olè ti wọ ilé yìí rí. Kò lè sọ bóyá olè ṣì wà nínú yàrá.

Ẹ bi wọ́n léèrè ní káńtà kí ẹ tó sanwó: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé strip ni ẹ máa ṣe, àbí RPR tó ní nọ́ńbà?" Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe àrífín. Bí wọ́n bá ní strip ni, kò burú gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò fẹ́ iná mànàmáná, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ti tó o, èsì rẹ̀ sì jáde kí ẹ tó mu ike omi kan tán. Bí ó bá mọ́, tí kò sì sí nǹkan tó ń kọ yín lóminú láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti parí. Bí ó bá jáde ní reactive, ìyẹn ni pé ó rí sójà, ẹ nílò RPR. Bí wọn kò bá ní in, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ní in.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dá strip mọ̀ láìbéèrè: bí èsì bá jáde ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 láti inú ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ C àti T sí lára, strip ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí ìwé.

Ẹ̀jẹ̀ fífà

Ẹ kò ní láti gbààwẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó wá. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń funfun bíi mílíìkì, ó ń dí wa lójú. Kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun níṣojú yín. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ yín sára ìgò kí ẹ tó dìde lórí àga; ìgò méjì tí kò lórúkọ ti ba ìgbéyàwó jẹ́ rí.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju apá tí wọ́n fẹ́ gún lọ ni ohun tí ẹ bá sọ. Ẹ sọ bóyá ẹ ti gba ìtọ́jú rẹ́kórẹ́kó rí, ọdún wo, abẹ́rẹ́ wo. Ẹ sọ bí ẹ bá lóyún. Ẹ sọ bí ibà bá ń ṣe yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá dàgbà tó ti ní yaws rí ní kékeré, èèlá ara tí àwọn ọmọ ìgbèríko máa ń ní láyé àtijọ́, kó sọ ọ́. Kòkòrò yaws àti ti rẹ́kórẹ́kó, ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ojoojúmọ́ kankan tó mọ èkíní yàtọ̀ sí èkejì. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kan lè ní TPHA reactive láìṣẹ ẹnikẹ́ni, kìkì nítorí pé ó bá ọmọ tó ní yaws ṣeré ní abúlé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì wa

Mo fẹ́ kí ẹ rí RPR bí a ṣe ń ṣe é, torí ẹni tó bá ti rí i kò ní gba "positive" lásán mọ́.

A máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ìgò, a ó wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí. Pupa á sọ̀kalẹ̀, omi tó ní àwọ̀ koríko gbígbẹ á dúró lókè. Omi yìí la fẹ́. Bí ó bá pupa, ẹ̀jẹ̀ ti fọ́, kí wọ́n tún un fà.

Òògùn RPR inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ a kì í lò ó ní tútù. A ó gbé e síta kó bá yàrá dọ́gba, bíi 23 sí 29. Bó bá tutù jù, ẹni tó yẹ kó hàn kò ní hàn. Káàdì funfun kan wà tí wọ́n ya òbìrí sí. A ó fa 50 microlitre omi ẹ̀jẹ̀ sínú òbìrí kan, èyí tó bíi ẹ̀kán omi kan, a ó fi ọ̀pá pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ kó kún òbìrí náà dé etí. Ní òbìrí mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ dájú pé ó ní i, àti èyí tí a mọ̀ dájú pé kò ní i. Láàbù tí kò bá fi méjèèjì yẹn sí i, ń ta àyò ni. Ẹ̀kán òògùn kan tí èédú wà nínú rẹ̀ á bọ́ sórí òbìrí kọ̀ọ̀kan. Káàdì á gun orí ẹ̀rọ tó ń yí 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 8, tòun ti ìdérí kó má baà gbẹ.

Ìṣẹ́jú 8 géérégé. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, iná lọ ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Mo fi káàdì sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ bá àwọn tó ń fa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná dé, mo tan ẹ̀rọ, mo parí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù, mo sì kọ "reactive" torí mo rí i pé etí òbìrí náà ṣe háúháú. Ọ̀gá mi gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó fa ìwé èsì ya. "Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lo rí yẹn," ló wí. "Ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni lo fẹ́ dá padà sílé bàbá rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀ látorí omi ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó mọ́.

Ní ìparí, a ó gbé káàdì sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, a ó rọra gbé e sọ́tùn-ún, sósì. Bí gbogbo òbìrí bá rí bí eérú tí wọ́n pò mómi, ó kúnná délẹ̀, kò ṣù, non-reactive ni. Bí èédú bá kóra jọ ní ṣíṣù-ṣíṣù bíi gààrí tí omi kàn láìrò, reactive ni. Kò sí àárín. Kódà bí ìṣù bá tín-ín-rín, reactive la máa kọ, nọ́ńbà ló máa sọ bó ti pọ̀ tó.

TPHA ní tirẹ̀ ń lo ẹ̀jẹ̀ pupa ẹran tí wọ́n ti fi àjákù kòkòrò náà kùn lára. Nínú kòtò kékeré, bí sójà bá wà, ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ́ sílẹ̀ bíi ẹní. Bí kò bá sí, á jábọ́ sí àárín bíi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

Nọ́ńbà

RPR tó bá jáde ní reactive, iṣẹ́ kò tíì tán lórí rẹ̀. A ó bu omi iyọ̀ là á, ìdajì sí ìdajì: 1:2. A ó mú nínú èyí, a ó tún là á ní ìdajì: 1:4. Lẹ́yìn náà 1:8, 1:16, 1:32, títí lọ. Ibi tí èédú ti ṣù jọ gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà yín. Ẹ rò ó bí ọbẹ̀ ata. Èyí tí a fi ata rodo mẹ́ta sè, bá a bá bu omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò ta mọ́. Èyí tí a fi ogún sè, a bu omi sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ṣì ń mú wa fá imú. 1:2 ni ata mẹ́ta. 1:32 ni ogún ata.

Àtẹ̀gùn ni nọ́ńbà yìí, ìgbésẹ̀ méjì ló sì ń jẹ́ ìrìn. Láti 1:32 sí 1:16 kì í ṣe nǹkan kan, ọwọ́ ẹni tó ṣe tòní lè yàtọ̀ sí ọwọ́ ẹni tó ṣe tàná. Láti 1:32 sí 1:8, ó ti sọ̀kalẹ̀ ní tòótọ́. Láti 1:4 sí 1:16, ó ti gòkè, ẹ wá dókítà lọ.

Ìjàǹbá kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọkùnrin kan wá bá wa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àbààwọ́n pupa rúsúrúsú tí kì í yún un. Láàbù kan ti ṣe RPR fún un, wọ́n ní ó mọ́. A ṣe tiwa, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, àfi bíi pé òbìrí náà kò dán tó. Ọ̀gá wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ó ní ká bu omi là á. Ní 1:2, kò sí nǹkan. Ní 1:8, ó ń ṣù. Ní 1:16, èédú kóra jọ bí eṣinṣin lórí ìdọ̀tí, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé 1:128. Sójà ara rẹ̀ ló pọ̀ jù, wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà, wọn kò rí àyè so èédú pọ̀. Prozone là ń pe èyí. Bí àmì bá wà lára yín bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín mọ́, ẹ sọ fún wọn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi là á, kí ẹ tún un wò."

Kíka ìdílé méjèèjì pọ̀

Ẹ gbé èsì RPR àti ti ìdílé kejì (TPHA tàbí strip) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí méjèèjì bá mọ́, kò sí rẹ́kórẹ́kó, àfi bí ọjọ́ bá ṣì kéré bí mo ṣe sọ lókè.

Bí méjèèjì bá jẹ́ reactive, ó ṣeé ṣe kí àìsàn wà lára lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tí kò gba ìtọ́jú rí, kó lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tó ti gbà á, nọ́ńbà àtijọ́ la máa fi wé ti ìsinsìnyí kí a tó lè sọ̀rọ̀.

Bí RPR bá jẹ́ reactive, tí TPHA mọ́, ẹ má sunkún. Èyí ni ẹ̀tàn tí mo sọ: ibà, oyún, lupus. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà ga, 1:8 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. A ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, dókítà lè fẹ́ mọ̀ bóyá lupus ló wà nídìí rẹ̀.

Èyí tó kù ni RPR tó mọ́ pẹ̀lú TPHA tó jẹ́ reactive. Ibí yìí ni obìnrin oníwèé mẹ́rin bọ́ sí. RPR rẹ̀ mọ́ roro, a bu omi là á, ó ṣì mọ́. TPHA rẹ̀ tẹ́ bíi ẹní. Mo béèrè irú abẹ́rẹ́ tó gbà lọ́dún àkọ́kọ́. Ó ṣí fọ́tò káàdì ilé ìwòsàn kan lórí fóònù rẹ̀: benzathine penicillin, mílíọ̀nù 2.4 yúnìtì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan síra. Ìtọ́jú tó péye pátápátá nìyẹn. Gbogbo èyí tó gbà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan tí kò sí mọ́ ni wọ́n ń gún.

"Ṣé kí n má ṣe é mọ́ láé ni, Dókítà?"

"Ẹ lè ṣe é, mà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi strip yẹ̀ yín wò mọ́. RPR ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá ti gbé ike jáde, ẹ dìde."

Àmọ́ kí ẹni tí kò gba ìtọ́jú kankan rí má fara wé e. Bí tirẹ̀ bá jáde báyìí, ó lè jẹ́ àkọ́kọ́bẹ̀rẹ̀ tí RPR kò tíì ká, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti ń lúgọ nínú ara láti ọdún pípẹ́. Kó lọ bá dókítà, wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín ní abẹ́rẹ́ gan-an ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Fún èyí tí kò tíì pẹ́ lára, abẹ́rẹ́ benzathine kan ṣoṣo ni, mílíọ̀nù 2.4, sínú ẹran ìdí. Èyí tó ti pẹ́, mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń já sínú dírípù. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí penicillin bá máa ń bá ara yín jà. Ara lè gbóná, kí orí sì fọ́ yín láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Kòkòrò tó ń kú lọ ló ń fà á, ẹ má sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì.

RPR tún di oṣù kẹfà, àti oṣù kejìlá. Ẹni tó bá ní kòkòrò HIV, kó má jẹ́ kó pẹ́ ju oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ. (Ẹni tí rẹ́kórẹ́kó bá hàn lára rẹ̀, kó yẹ HIV wò pẹ̀lú. Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé.) Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lọ, orúkọ àyẹ̀wò kan náà. RPR máa ń ga díẹ̀ ju VDRL lọ, ẹni tó bá fi RPR oṣù kìíní wé VDRL oṣù kẹfà ń fi kóńgò wọn ìrẹsì lánàá, ó fi mọ́dù wọ̀n ọ́n lónìí.

Ohun tí a ń retí ni ìgbésẹ̀ méjì sísàlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan fún àìsàn tí kò tíì pẹ́. Àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn á sọ̀kalẹ̀ dé 1:2 tàbí 1:4, á sì jókòó síbẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, tí kò sì gòkè, ó kàn ń bẹ níbẹ̀ ni. Bó bá gòkè ní ìgbésẹ̀ méjì, ẹ tún ti kó o, tàbí ìtọ́jú kò ràn. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn, bí etí bá ń dí, tàbí bí orí bá ń dà rú, ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó mọ́; omi ẹ̀yìn ni wọ́n máa fà, VDRL ni wọ́n sì máa fi wò ó.

Ẹni tí ẹ jọ ń sùn ńkọ́? Bí ẹ bá jọ ṣe é láàárín 90 ọjọ́ ṣáájú kí wọ́n tó rí tiyín, kó gba abẹ́rẹ́ kódà bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le láti sọ nínú ilé. Ẹ lè mú un wá kí dókítà bá a sọ ọ́. Àmọ́ bí ẹ bá dákẹ́, abẹ́rẹ́ tiyín ti ṣòfò.

Aboyún àti ọmọ tuntun

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí aboyún bá lọ forúkọ sílẹ̀ ni kó béèrè fún àyẹ̀wò yìí. Strip kan wà nísinsìnyí tó ń wo HIV àti rẹ́kórẹ́kó pọ̀ láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ibí nìkan ni mi ò ti ní bá strip jà: bó bá jẹ́ reactive lára aboyún tí kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ rí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ RPR, kí èsì rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tí a gún láìnídìí kò lè ṣe tó ọmọ tó kú sínú. Benzathine penicillin nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú bó ṣe yẹ. Doxycycline tí wọ́n ń fún àwọn mìíràn kì í ṣe ti aboyún. Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ penicillin náà, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìbímọ. Cuba, níbi tí wọ́n ṣì ń kọrin fún Yemọja, ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí àjọ náà fọwọ́ sí, ní 2015, pé ó ti dẹ́kun kí ìyá máa kó HIV àti rẹ́kórẹ́kó ran ọmọ. Àyẹ̀wò aboyún àti abẹ́rẹ́ tí kò pẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ti ọmọ tuntun ló máa ń da àwọn òbí láàmú jù. Sójà ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, nítorí náà bí ìyá bá jẹ́ reactive, TPHA tàbí strip ọmọ á jẹ́ reactive, ì báà jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi strip dá ọmọ tuntun lẹ́jọ́. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti ara ọmọ gan-an, kì í ṣe láti inú ìwọ́ tí wọ́n gé, torí ẹ̀jẹ̀ ìyá lè ti dà pọ̀ mọ́ tinú ìwọ́. Kí wọ́n ṣe RPR ti ìyá àti ti ọmọ lọ́jọ́ kan náà, ní láàbù kan náà. Bí ìyá bá ní 1:4, tí ọmọ ní 1:4 tàbí 1:2, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìyá ló jogún. Bí ìyá bá ní 1:4, tí ọmọ ní 1:16, ìgbésẹ̀ méjì nìyẹn, ọmọ ń ja ìjà tirẹ̀. Kí dókítà ọmọdé sì yẹ ara ọmọ wò dáadáa, torí ọmọ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ga lè ní i. Bí ó bá jẹ́ ti ìyá, RPR ọmọ á ti máa wálẹ̀ ní oṣù kẹta, á sì tán kó tó pé oṣù mẹ́fà. TPHA pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ṣì jẹ́ reactive lẹ́yìn oṣù 18, ti ìyá ti yẹ kó tán lára rẹ̀, ti ọmọ fúnra rẹ̀ nìyẹn.